Henry Darcy: Ẹnjiníà ará Faransé tó wọn ìrìn omi abẹ́ ilẹ̀, tí kọ̀ǹpútà ń lo òfin rẹ̀ títí dòní

Ní Ṣakété àti Pobẹ̀, kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí kànga ń náni. Orí ilẹ̀ pupa tó ga là ń gbé, omi sì jìn sísàlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ kànga, tàbí tó fẹ́ pe àwọn tó ń lu fọrajì, owó ni yóò kọ́kọ́ kó sílẹ̀ kó tó mọ̀ bóyá omi máa jáde, bóyá ó máa tó, àti bóyá kò ní gbẹ nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá le. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé bí orí ẹni bá ṣe rí ni omi ṣe ń rí.

Ọkùnrin kan wà tó ti kú láti ọdún 1858, tó fi hàn pé omi abẹ́ ilẹ̀ kì í rìn bó ṣe wù ú. Òfin kan ló ń tẹ̀ lé, èèyàn sì lè wọn òfin náà. Henry Darcy lorúkọ rẹ̀. Lórí òfin tó rí yẹn ni àwọn onímọ̀ gbé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń mọ ibi tí omi abẹ́ ilẹ̀ ń gbà àti iye tó kù níbẹ̀, títí kan omi tí àwọn ará Kútọnu ń mu lónìí. Ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ rèé.

Ọmọ opó ní ìlú Dijon

Ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 1803 ni wọ́n bí Darcy ní ìlú Dijon, ní apá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni bàbá rẹ̀. Ọmọ ọdún 14 ni Henry wà tí bàbá náà fi kú, ó sì ku ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ọmọkùnrin méjì. Owó kò pọ̀ lọ́wọ́ opó yìí, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ náà dúró. Owó ló yá kó lè gba olùkọ́ fún wọn.

Wàhálà ìyá náà kò já sásán. Ní ọdún 1821, Henry wọ École Polytechnique ní Paris, ọ̀kan nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó le jù láti wọ̀ ní Faransé. Ní ọdún 1823 ó bọ́ sí École des Ponts et Chaussées, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí yóò máa ṣe títì, afárá àti ọ̀nà omi fún ìjọba. Nígbà tó parí, wọ́n gbé e sẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi dá a padà sí Dijon, ìlú rẹ̀. Ní ọdún 1828 ó fẹ́ Henriette Carey, ọmọ ìdílé Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń gbé ní Dijon. Wọn kò bímọ.

Kànga tó jẹ owó ìlú

Omi ni ìṣòro Dijon nígbà náà. Kànga pọ̀ láàárín ìlú, ṣùgbọ́n ṣáláńgá sún mọ́ kànga, ìdọ̀tí sì ń ṣàn wọ inú ohun tí èèyàn ń mu. Àwọn aláṣẹ ìlú wá pinnu pé kí wọ́n lu ilẹ̀ jìn gan-an, bóyá omi tó mọ́ á tú jáde. Ní nǹkan bí ọdún 1830, wọ́n lu kànga náà ní gbàgede Saint-Michel. Owó ìlú wọlẹ̀, omi sì dé lóòótọ́, àmọ́ kò tó ìlú lò rárá.

Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ irú ìjákulẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a sábà máa ń ṣe ni pé ká kó owó mìíràn jọ, ká lọ lu ibòmíràn, ká sì máa gbàdúrà. Darcy ní tirẹ̀ wọn iye omi tí kànga náà lè mú wá, ó sì rí i pé kò lè tó bó ti wù kí wọ́n ṣe é. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ìsun omi kan ní ẹ̀yìn ìlú, tí wọ́n ń pè ní Rosoir. Ó wọn bí omi ibẹ̀ ti pọ̀ tó, ó wọn bí ilẹ̀ ṣe ń rẹlẹ̀ láti ibẹ̀ wọ ìlú. Ní ọdún 1834 ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn aláṣẹ, pẹ̀lú iye owó tí yóò náni.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1839. Ojú omi tí wọ́n kọ́, tí wọ́n sì bò lórí kí ìdọ̀tí má baà wọ̀ ọ́, gùn ju kìlómítà 12 lọ. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Ṣakété sí Pobẹ̀, kó fojú dá ìdajì rẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ kankan tó ń fa omi náà. Nítorí pé Darcy ti wọn ìdagẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ dáadáa, omi fúnra rẹ̀ ló ń ṣàn wọ ìlú. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án ọdún 1840, omi Rosoir dé Dijon. Ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ri páìpù káàkiri abẹ́ títì, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ omi tó lé ní 100 sí ojú ọ̀nà fún gbogbo ará ìlú, tó fi jẹ́ pé téèyàn bá ti rin nǹkan bíi 100 mítà, yóò kan omi.

Owó ńlá ló tọ́ sí Darcy lórí iṣẹ́ yìí. Kò gbà á. Àmì ẹ̀yẹ wúrà ni ìlú fún un, wọ́n sì ní kó máa lo omi lọ́fẹ̀ẹ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ yáwó kọ́ níwèé ló fi owó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ìlú rẹ̀.

Ìjọba yí padà, wọ́n lé e kúrò nílé

Iṣẹ́ Darcy kò mọ sórí omi nìkan. Nígbà tí wọ́n ń là ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Paris lọ sí Lyon, ó sa gbogbo ipá rẹ̀ kí ọ̀nà náà lè gba Dijon kọjá, nítorí ó mọ̀ pé ìlú tí ọkọ̀ ojú irin bá yà sílẹ̀, ọjà ibẹ̀ á kú. Òkè ńlá kan dí ọ̀nà ní Blaisy. Darcy ló ṣètò bí wọ́n ṣe máa gbẹ́ ihò tó lé ní kìlómítà 4 la inú òkè náà já.

Ní ọdún 1848, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Faransé. Wọ́n lé ọba kúrò lórí ìtẹ́, ìjọba tuntun sì fura sí gbogbo ẹni tó gbajúmọ̀ lábẹ́ ìjọba àtijọ́. Wọ́n yọ Darcy kúrò ní Dijon, wọ́n gbé e lọ sí Bourges. Ẹni tó bá omi wọ ìlú kò rí ààyè jókòó ní ìlú náà mọ́. Ó bá wọn ṣiṣẹ́ ní Bourges. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pè é lọ sí Paris, wọ́n sì fi í ṣe olórí àwọn tó ń rí sí omi àti títì ìlú náà.

Ní Paris ló ti rí ààyè yẹ nǹkan tó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn wò, ìyẹn bí omi ṣe ń rìn nínú páìpù. Ó ko oríṣiríṣi páìpù jọ, kékeré àti ńlá, tuntun àti èyí tó ti dípẹtà, ó sì wọn bí omi ṣe ń kọjá nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Àìsàn ni kò jẹ́ kó lè ṣe tó bó ṣe fẹ́. Ara rẹ̀ kò le mọ́, àárẹ̀ sì ń mú un. Ní ọdún 1855 ìjọba gbà kó fi iṣẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀, kó máa ṣe ìwádìí nìkan. Ó padà sí Dijon.

Yanrìn inú ọ̀pá irin

Iṣẹ́ tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n lónìí, ìgbà tí ara rẹ̀ kò yá yìí ló ṣe é. Wọ́n máa ń fi yanrìn sẹ́ omi kó lè mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ ìṣirò rẹ̀ dáadáa: báwo ni yanrìn ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó, omi mélòó ló sì máa kọjá nínú rẹ̀ láàárín wákàtí kan? Ìparí ọdún 1855 títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1856 ni wọ́n fi dán an wò ní ilé ìwòsàn ìlú Dijon. Ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Charles Ritter ló ràn án lọ́wọ́. Wọ́n gbé ọ̀pá irin gbọọrọ kan nàró, ó ga ju ènìyàn lọ, wọ́n da yanrìn odò sínú rẹ̀, wọ́n jẹ́ kí omi gba òkè wọlé kó sì gba ìsàlẹ̀ jáde. Wọ́n ń wọn iye omi tó jáde, wọ́n ń wọn bí omi ṣe ń tì lókè àti nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á yí nǹkan kan padà, wọ́n á tún wọn ọ́n.

Àwọn ìyá wa tó ń ṣe ọṣẹ dúdú mọ ohun tí à ń sọ yìí. Wọ́n á dá ihò sí ìdí ìkòkò, wọ́n á di eérú sínú rẹ̀, wọ́n á da omi lé e lórí, omi eérú á sì máa kán sínú ìkòkò tó wà nísàlẹ̀. Bí omi orí rẹ̀ bá pọ̀, kíkán á yá. Bí eérú bá nípọn jù, kíkán á falẹ̀. Bí eérú náà bá kúná tó sì kì, omi á pẹ́ kó tó kọjá.

Ohun kan náà ni Darcy rí, ṣùgbọ́n òun fi nọ́ńbà sí i. Bí ìyàtọ̀ gíga omi láàárín òkè àti ìsàlẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, omi tó ń jáde náà á di ìlọ́po méjì. Bí yanrìn bá nípọn ní ìlọ́po méjì, omi tó ń jáde á di ìdajì. Yanrìn kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà tirẹ̀, tó ń sọ bó ṣe ń jẹ́ kí omi kọjá tó: yanrìn tó ṣe wóró wóró ní nọ́ńbà ńlá, èyí tó kúná ní kékeré, amọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní rárá. Ẹni tó bá ti mọ nǹkan mẹ́ta wọ̀nyí, pẹ̀lú bí ojú ibi tí omi ń gbà ṣe fẹ̀ tó, ó lè ṣírò iye omi tó máa kọjá láì tíì rí i.

Ní ọdún 1856, Darcy tẹ ìwé ńlá kan jáde nípa omi ìlú Dijon. Ẹ̀yìn ìwé náà, níbi tí wọ́n ń kó àfikún sí, ló fi òfin yìí sí. Orí ètò omi ìlú ni ìwé náà dá lé, ìwọ̀nba ojú ewé ló sì jẹ́ ti yanrìn. Ojú ewé díẹ̀ yẹn ni àwọn onímọ̀ kárí ayé ń kọ́ lónìí.

Darcy kò pẹ́ láyé lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó lọ sí Paris, òtútù àyà kọ lù ú, ó sì kú ní ọjọ́ 3 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1858, ní ọmọ ọdún 54. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ sin sí Dijon. Gbàgede tó wà ní ibi tí omi Rosoir gbà wọ ìlú ń jẹ́ Place Darcy títí dòní.

Bí òfin náà ṣe dé inú kọ̀ǹpútà

Ilẹ̀ tí à ń tẹ̀ kò yàtọ̀ sí ọ̀pá irin Darcy, àyàfi pé ó tóbi jù. Omi òjò ń wọlé lókè, ó ń gba inú yanrìn àti amọ̀ kọjá, ó sì ń rọra ṣàn láti ibi tí omi ga sí lọ síbi tó rẹlẹ̀, títí yóò fi tú síta ní odò tàbí àbàtà. Ní ọdún 1863, Jules Dupuit, ẹnjiníà ará Faransé tó gba ipò Darcy ní Paris, fi òfin náà ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní àyíká kànga. Bí a bá ń fa omi, omi tó yí kànga ká á wálẹ̀, á sì dà bí arọ tí a fi ń rọ epo, tí àárín rẹ̀ jìn ju etí lọ. Ìdí nìyẹn tí kànga aládùúgbò fi lè gbẹ nígbà tí ẹni kan bá gbé pọ́ǹpù ńlá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1935, Charles Theis ní Amẹ́ríkà tún fi ọjọ́ kún ìṣirò náà: bí omi ṣe máa wálẹ̀ tó lẹ́yìn wákàtí kan, lẹ́yìn oṣù kan, lẹ́yìn ọdún kan.

Ìṣòro tó kù ni pé ilẹ̀ kì í rí bákan náà níbi gbogbo. Yanrìn wà níbì kan, amọ̀ wà níbòmíràn, kànga mẹ́wàá ń fa omi níhìn-ín, òjò sì pọ̀ lọ́hùn-ún. Kò sí ẹni tó lè fi ọwọ́ ṣírò gbogbo rẹ̀ tán. Ibi tí kọ̀ǹpútà ti wúlò nìyẹn. Àwọn onímọ̀ á pín ilẹ̀ sí igun mẹ́rin-mẹ́rin kéékèèké bí ojú ọ̀nà inú pápá ayò, wọ́n á sọ fún kọ̀ǹpútà irú ilẹ̀ tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, òjò tó ń wọ ibẹ̀ àti omi tí kànga ń fà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà á wá fi òfin Darcy ṣírò omi tó ń ti igun kan bọ́ sí èkejì, lọ́pọ̀ ìgbà, títí ìṣirò náà yóò fi bára dọ́gba. Ohun tí wọ́n ń pè ní àwòṣe omi abẹ́ ilẹ̀ nìyẹn. Ní ọdún 1984, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣe ìwádìí ilẹ̀, USGS, gbé ètò kọ̀ǹpútà kan jáde fún iṣẹ́ yìí. MODFLOW lorúkọ rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n sì ń lò ó káàkiri ayé.

Oníṣòwò tó ń kọ ìwé ọjà mọ bí àwòṣe yìí ṣe rí. Ohun tó wọlé, ohun tó jáde, ohun tó kù lórí igbá. Bí ìwé bá sọ pé ó yẹ kí àpò ìrẹsì mẹ́wàá kù, tí a sì bá mẹ́fà nílẹ̀, nǹkan kan kò tọ́ nínú ìwé náà, a óò wá a títí a óò fi rí i. Bákan náà ni àwọn onímọ̀ máa ń fi ohun tí kọ̀ǹpútà sọ wé ibi tí omi dé gan-an nínú kànga. Bí kò bá bára mu, wọ́n á tún àwòṣe ṣe. Ìgbà tó bá bára mu ni wọ́n á tó bi í pé: bí a bá fi fọrajì márùn-ún kún un, kí ló máa ṣẹlẹ̀?

Omi Kútọnu àti iyọ̀ ọ̀sà

A ti lo irú àwòṣe yìí ní ilẹ̀ wa níbí. Omi tí ilé-iṣẹ́ SONEB ń fún àwọn ará Kútọnu, láti inú àwọn fọrajì tó wà ní Godomey ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá, ibẹ̀ kò sì jìnnà sí ọ̀sà Nokoué. Bí èèyàn ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fa omi sí i. Nígbà tó yá, iyọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hàn nínú omi àwọn kan nínú fọrajì náà. Ṣé òkun ni iyọ̀ yẹn ti wá ni, àbí inú ọ̀sà?

Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Abomey-Calavi pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn láti Yunifásítì Notre Dame ní Amẹ́ríkà wọn omi inú kànga, wọ́n yẹ ilẹ̀ wò, wọ́n sì gbé e sínú kọ̀ǹpútà. Ọ̀sà ni ìṣirò wọn tọ́ka sí. Òfin Darcy ló ṣàlàyé rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, omi abẹ́ ilẹ̀ ga ju omi ọ̀sà lọ, nítorí náà ìhà ọ̀sà ló ń ṣàn sí. Bí pọ́ǹpù bá fa omi abẹ́ ilẹ̀ náà wálẹ̀ títí ó fi rẹlẹ̀ ju ọ̀sà, ìdagẹ̀rẹ̀ á yí padà, omi iyọ̀ á sì máa wọ́ bọ̀ wá sí ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù. Iyọ̀ tó bá sì ti wọ inú yanrìn, ó máa ń pẹ́ gan-an kó tó jáde. Ohun tí àwòṣe ń ṣe ni pé kó jẹ́ ká rí ewu náà nígbà tó ṣì ṣeé yà fún.

Kí ni tiwa ní Ṣakété

Ọ̀sà kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ṣakété, ṣùgbọ́n òfin kan náà ló ń darí omi wa. Ìpele yanrìn àti amọ̀ tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa kò mọ ààlà. Láti Gánà ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gba Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ kọjá, ó sì wọ ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà. Asọ́bodè kì í dá omi abẹ́ ilẹ̀ dúró. Bí fọrajì ṣe ń pọ̀ sí i ní abúlé àti nínú ọgbà àwọn èèyàn, inú ìkòkò kan náà ni gbogbo wa ń bu.

Kọ̀ǹpútà kò mọ kànga ẹnikẹ́ni. Ohun tí a bá sọ fún un ló mọ̀. Bí kò bá sí ẹni tó wọn bí kànga ṣe jìn tó, ibi tí omi rẹ̀ dé nínú oṣù òjò àti ibi tó dé nínú oṣù ẹ̀ẹ̀rùn, àwòṣe tó dára jù láyé á kàn máa méfò ni. Ní ẹkùn Collines, àwọn ará abúlé fúnra wọn ti bá àwọn onímọ̀ yẹ omi kànga wọn wò, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Kò sí ohun tó ní kí àwọn ará Ṣakété má lè ṣe é. Okùn tí a so òkúta mọ́ nídìí, tí a sì sàmì sí ní mítà mítà, pẹ̀lú ìwé ọmọ ilé ìwé kan, ó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ san owó fọrajì, kó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń lù ú pé irú ilẹ̀ wo ni wọ́n bá pàdé ní mítà kọ̀ọ̀kan àti iye omi tó jáde nígbà tí wọ́n dán an wò, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún un, kó sì tọ́jú ìwé náà pẹ̀lú ìwé ilẹ̀ rẹ̀.

Àwọn àgbà ní kí òùngbẹ tó gbẹni là ń gbẹ́ kànga. Darcy fi tirẹ̀ kún un ní Dijon: ó wọn omi kó tó náwó ìlú. Omi tó wọn náà dé ìlú ní ọdún 1840, láì lo ẹ̀rọ kankan.